Màmá Àgbà àti Ìdá Méjì Nínú Mẹ́ta

Bí Màmá Àgbà mi bá fẹ́ ka ìbò, wọn kì í jókòó kà á. Wọn á dìde, wọn á yọ gíláàsì wọn, wọn á nù ún, wọn á tún un wọ̀, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá kà á dé òpin, wọn á tún un kà láti òpin padà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń háyà ní Peckham nílùú òyìnbó, lẹ́yìn títì Rye Lane, àwọn tó gbé ọwọ́ sókè á máa kùn pé apá ń ro àwọn. Màmá Àgbà ò ní dá wọn lóhùn títí wọn yóò fi kà á tán. Nígbà náà ni wọn á sọ pé, "Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá lè dúró díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀, kó má gbé e sókè mọ́."

Wọ́n fi ayé sílẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá yìí. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ wọn dáadáa. Wọ́n ní Alhaja lawọ́, wọ́n ní Alhaja kò fi irọ́ pípa ṣeré, wọ́n ní ẹgbẹ́ kò rí alága bíi tiwọn rí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mẹ́nu kan òfin tí Màmá Àgbà yí, àti bí wọ́n ṣe dá a padà. Mo mọ̀ pé ojú ló ń ti àwọn èèyàn, torí èmi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, mo sì jókòó láàárín wọn, mo ń pín omi. Màmá Àgbà kò fẹ́ kí wọ́n da aṣọ bo ọ̀rọ̀ yẹn. Nítorí náà, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ wọn ni n ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni a dàgbà sí, àwa márùn-ún, torí pé iṣẹ́ ìmọ́tótó ni àwọn òbí wa ń ṣe káàkiri àdúgbò Elephant and Castle, wọn kì í sí nílé nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, Màmá Àgbà á bi wá pé kí la fẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ kan, àwọn mẹ́ta fẹ́ ìrẹsì, èmi àti àbúrò mi fẹ́ ẹ̀bà. Àwọn mẹ́ta ti ń jó pé àwọn ti borí. Màmá Àgbà jókòó, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní kò tíì tó, kí àwọn mẹ́ta lọ bá àwa méjì sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bínú, ó ní, "Màmá, mẹ́ta ju méjì lọ nílé ìwé wa!" A sọ̀rọ̀ títí ebi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá kú. Níkẹyìn, a jẹ ìrẹsì, a sì fohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀bà ni ti ọjọ́ kejì. Màmá Àgbà bu oúnjẹ, wọ́n ní, "Ilé tí ẹni méjì nínú márùn-ún bá ń fi ìbínú jẹun, ọbẹ̀ ibẹ̀ ò lè dùn."

Irú òfin yẹn náà ni wọ́n gbé wọ inú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ wa ní ìgbìmọ̀ onílàjà, ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya, tàbí láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, iwájú wọn ni a máa ń gbé e lọ kí ó má baà di ti ọlọ́pàá. Àwọn mẹ́ta yìí á gbọ́ ẹjọ́, wọn á dá a, alága á sì kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́. Kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba kì í wá jókòó ti èèyàn níbi ìsọmọlórúkọ, kì í sì í gbé òkú ẹni. Ẹgbẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Màmá Àgbà ló dá a lábàá, nígbà tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó lórí àga onílàjà àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹgbẹ́ bá gbé ọwọ́ sókè fún un. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Màmá Àgbà dá wọn lóhùn pé, "Onílàjà tí apá kan péré bá gbà, ìjà apá kan péré ló lè là."

Ẹni tó máa ń bá wọn jà jù nínú ẹgbẹ́ ni Bàbá Gàníyù, tó ń gbé ní Nunhead. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì Catford kó tó fẹ̀yìn tì. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ń lọ. Ó kéré sí Màmá Àgbà lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Kò sí àbá tí Màmá Àgbà mú wá tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé òun ò gbà. Màmá Àgbà sọ ọ́ ní Mi-ò-gbà. Òun náà ń pè wọ́n ní Alhaja Òfin. Bí a bá gbé tíì kalẹ̀ níbi ìpàdé, á ní, "Alhaja Òfin, ṣé ká dìbò ká tó mu tíì yìí ni?" Màmá Àgbà á ní, "Mu ún, Mi-ò-gbà. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó lè kọ tíì ọ̀fẹ́."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn díẹ̀ nígbà náà.

Àwọn onílàjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ní, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó sì ń dé iwájú wọn jù ni ọ̀rọ̀ inú ìyẹ̀wù: ẹni tí kò rí oyún ní, ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó bí sí i tí kò fẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lẹ́yìn ìbímọ. Màmá Àgbà bí ọmọ méje, wọ́n sin mẹ́ta. Wọn ò lè jókòó gbọ́ kí ọkùnrin mẹ́ta máa sọ bí ìrọbí ṣe ń rí. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ìyá kì í ṣe àpò tí wọ́n fi gbé ọmọ wá."

Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì Bísí di onílàjà nígbà tí àga kan ṣófo. Agbẹ̀bí ni Nọ́ọ̀sì, ó gbọ́n, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí a dìbò, kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìgbà kejì, kò tó. Bàbá Gàníyù àti àwọn tó ń tẹ̀lé e ni wọn ò gbé ọwọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Gàníyù nílé. Kò sọ pé òun ò fẹ́ obìnrin. Ó ní kò sí ẹni tó wá bá òun sọ ọ́, orí ìpàdé lòun ti ń gbọ́ ọ."

Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Kí èmi lọ kan ilẹ̀kùn Mi-ò-gbà ní Nunhead? Láéláé."

Dípò ìyẹn, wọ́n lọ wo òfin ẹgbẹ́. Wọ́n rí i pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni a kọ pé ó máa yan onílàjà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kọ iye ẹni tó lè yí òfin náà padà. Èyí túmọ̀ sí pé ìdajì lé kan tó láti yí i. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n dábàá pé láti ọjọ́ náà lọ, ìdajì lé kan ni ká máa fi yan onílàjà. Àbá wọlé. Nọ́ọ̀sì wọlé. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin. Bàbá Gàníyù dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá sọ pé, "Ó dáa, Alhaja. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Kò pẹ́ rárá. Nínú àwọn onílàjà méjì tó kù, ọ̀kan kú, ìkejì padà sílé ní Nàìjíríà. Bàbá Gàníyù kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí ìpàdé, àwọn tí a kì í rí láti ọdún dé ọdún. Ìdajì lé díẹ̀ gbé ọwọ́ sókè fún òun àti Díákónì Òjó, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ọ̀kankan nínú wọn ò lè wọlé. Màmá Àgbà ka ọwọ́ lọ, wọ́n kà á bọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó pé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí nìyí. Lẹ́yìn ọmọ mi kẹta, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ọkọ mi jáde kúrò nínú yàrá. Dókítà sọ fún mi pé bí mo bá tún lóyún, ó lè mú ẹ̀mí lọ. Mo lọ gba ìfètòsọ́mọbíbí, èyí tó dà bí igi ìṣáná tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Màmá Àgbà ló sìn mí lọ. Wọ́n jókòó níta pẹ̀lú tẹ̀súbáà wọn títí mo fi jáde. Ọkọ mi mọ ohun tí dókítà sọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọmọkùnrin, mi ò sì sọ fún un pé mo lọ. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kan apá mi, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní kí nìyí. Ó gbé ẹjọ́ mi lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè níwájú àwọn tó mọ̀ mí láti kékeré. Díákónì ní kí n fi apá náà hàn wọ́n. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Bàbá Gàníyù wò ó, ó ní obìnrin tó bá dá ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọkọ ti tú ilé ká. Nọ́ọ̀sì Bísí ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ẹni méjì ju ẹnì kan lọ. Wọ́n dá a pé kí n lọ yọ ọ́, kí n sì kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Alága ló ń ka ìdájọ́. Alága kò sì ní ohùn nínú ẹjọ́, pàápàá ẹjọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Màmá Àgbà dìde, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n kà á tán láì fo ọ̀rọ̀ kan. Mo kúnlẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn tutù. Ohun tí mo rántí ni bàtà àwọn èèyàn, mo mọ ẹni tó ni ìkọ̀ọ̀kan.

Mi ò lọ yọ ọ́. Ọkọ mi kó lọ sí Catford kí ọdún náà tó parí, àwọn obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ kò sì kí mi mọ́, bí ẹni pé ohun tó wà ní apá mi lè ràn wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdájọ́ náà, Màmá Àgbà wá sílé mi. Wọ́n se oúnjẹ, wọ́n fọ abọ́, wọ́n di irun fún àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹnu mi yìí ni mo fi kà á."

Láti ìgbà náà, nǹkan kan yí padà lára wọn. Wọ́n ṣì ń ka ọwọ́, wọ́n ṣì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ni ilé wa jà nítorí ẹ̀rọ agbéniròkè ilé náà tó máa ń dákú. Ṣùgbọ́n wọn ò pe Bàbá Gàníyù ní Mi-ò-gbà mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ìyẹn burú ju èébú lọ.

Màmá Àgbà fẹ́ràn ìròyìn ju fíìmù lọ. Nítorí pé wọn kì í gbọ́ gbogbo òyìnbó tí wọ́n ń sọ, èmi ni mo máa ń túmọ̀. Mi ò kọjá ilé ìwé girama, ṣùgbọ́n mo lè ka nǹkan kí n sì sọ ọ́ bó ṣe wà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń sunkún níwájú ilé ńlá funfun kan. Wọ́n ní kí ló ṣe wọ́n. Mo ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sọ pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti ṣẹ́ oyún kò sí nínú òfin àgbà ilẹ̀ náà mọ́, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe bó bá ṣe wù ú.

"Ta ló yan àwọn adájọ́ yẹn?"

"Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà á sì dìbò sí i. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wà níbẹ̀."

"Mélòó ló gbọ́dọ̀ gbà?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní láyé àtijọ́, bí àwọn kan bá fẹ́ fi àríyànjiyàn dá adájọ́ dúró, ọgọ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè pa àríyànjiyàn náà dé kí wọ́n sì dìbò. Ó wá di ìdajì lé kan.

Màmá Àgbà dá tẹ̀súbáà dúró. "Ta ló kọ́kọ́ yí i?"

"Ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn tó ń sunkún yìí pọ̀ sí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kejì kò jẹ́ kí àwọn adájọ́ àwọn wọlé, wọ́n sì yí i fún àwọn ilé ẹjọ́ tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, àwọn náà gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn adájọ́ tí wọ́n fi ìdajì lé kan yàn wà lára àwọn tó dá ẹjọ́ yìí."

Wọ́n ní, "Èmi tí mo sin ọmọ mẹ́ta, mi ò fẹ́ràn kí a máa ṣẹ́ oyún. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń wò." Wọ́n fi tẹ̀súbáà tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. "Àwọn ará Amẹ́ríkà ò mọ̀ mí, Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn."

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún ṣèpàdé, àga kan ti ṣófo, torí Díákónì Òjó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Birmingham. Nọ́ọ̀sì Bísí dábàá orúkọ mi, Rísíkà. Mi ò retí rẹ̀. Àwọn obìnrin ti pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, àwọn tí kò kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń kí mi. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé mo ti ní ìdajì, mo tiẹ̀ ti kọjá a. Mo ń rò ó nínú ọkàn mi pé inú gbọ̀ngàn tí mo ti kúnlẹ̀ yìí náà ni n ó ti jókòó lórí àga.

Màmá Àgbà dìde. "Kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè, mo ní àbá kan."

Wọ́n ní nígbà tí a fẹ́ mú Nọ́ọ̀sì wọlé, àwọn ni àwọn sọ òfin di ìdajì lé kan. "Nọ́ọ̀sì dára. Ohun tí mo ṣe kò dára. Ilẹ̀kùn kan wà tó yẹ kí n lọ kàn, ìgbéraga ò jẹ́ kí n lọ. Ó rọrùn fún mi láti yí òfin ju kí n rìn dé Nunhead lọ. Ọmọ mi ló jìyà rẹ̀, ẹnu mi ni mo sì fi ka ìyà náà fún un. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ ká dá a padà sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ká sì kọ ọ́ pé iye kan náà ló lè yí i."

Ariwo sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Lónìí kẹ̀, Alhaja? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yan Rísíkà ná, ká wá dá a padà lọ́la!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Bí a bá kọ́kọ́ yàn án, irọ́ ni mo pa."

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ lọ sókè fún àbá náà ni ti Bàbá Gàníyù. Màmá Àgbà wò ó. "Mi-ò-gbà, ó yá ẹ lára lónìí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Bó ṣe yá èmi náà lára nígbà yẹn nìyẹn." Gbọ̀ngàn tún rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Àbá wọlé. Wọ́n wá pe orúkọ mi. Màmá Àgbà kà á láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ, wọ́n kà á padà. Ó ku ọwọ́ méjì. Wọ́n sọ ọ́ sókè ketekete, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ka ìdájọ́ mi: "Kò tó."

A jọ rìn lọ sílé, mo ń wọ́ báàgì oníkẹ̀kẹ́ wọn. A kọjá àwọn ẹlẹ́ja, a kọjá àwọn oníṣu. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, mo ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti dójú tì mí nínú gbọ̀ngàn yẹn."

Wọ́n dúró. Wọ́n di irin ibùdókọ̀ mú. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè tún un ṣe. Ti òní, ọwọ́ méjì ló kù, mo sì mọ ilé tí wọ́n wà."

Wọ́n ní àwọn yóò lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Gàníyù fúnra àwọn. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn lọ, wọn ò sì jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì lọ fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ní kí oòrùn kọ́kọ́ mú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìbàdí ni. Lẹ́yìn náà, òtútù dé. Ní ọjọ́ kan tí mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Nunhead yìí jìnnà o." Ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa ni.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ikú wọn, Nọ́ọ̀sì Bísí pè mí pé àga náà ṣì ṣófo, òun fẹ́ tún dábàá orúkọ mi. Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Mo wọ kóòtù mi, mo rìn lọ sí Nunhead. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé náà, ojú ń tì mí bíi ti ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Gàníyù ló ṣí i fúnra rẹ̀. Ó ti gbó, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé mi.

"Ta ló tún kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Èmi ni mo wá kí yín."

"Màmá yín ò kan ilẹ̀kùn yìí rí."

"Mo mọ̀, sà. Wọ́n fẹ́ wá."

Ó wo apá mi, lórí kóòtù, ibi tí mo ti ká aṣọ sókè lọ́jọ́ ẹjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ó wo ilẹ̀. Kò yára gbójú sókè, mo sì dúró, torí mo mọ bí ó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń wo ilẹ̀ lójú ẹlòmíì. Ìgbà tó yá, ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọlé," ó ní. "Tíì wà. A ò ní dìbò ká tó mu ún."